Ríbọ́ọ̀nù Inú Agolo

Alágbàfọ̀ ni obìnrin yìí, kò sì lè mú ohun tó dọ̀tí lọ síwájú èèyàn, bí ilé tilẹ̀ ń jó. Ilé ọ̀hún sì ń jó lóòótọ́. Bàbá rẹ̀ wà lórí ẹní, èémí ń há a láyà, ilé ìwòsàn tó wà nítòsí sì ti ní agbára àwọn kò ká a mọ́. Ó ku ti àwọn ṣójà àtijọ́, àwọn yẹn kò sì gba ẹnikẹ́ni láìmọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó wà nínú rẹ̀. Ìwé bàbá ti jóná láyé ọjọ́un, iyè rẹ̀ náà ti ń ṣe ségesège. Agolo bísíkíìtì kan ló kù, tí ríbọ́ọ̀nù mẹ́ta àti báàjì onírin kan wà nínú rẹ̀.

Ó bu omi gbígbóná, ó da ọṣẹ sí i, ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ríbọ́ọ̀nù ogun bí ẹni ń fọ kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì. Omi àkọ́kọ́ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó pè é ní ìpẹtà. Lẹ́yìn náà ni àwọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, nígbà tó sì sá a, oòrùn fa ìyókù mu. Ọwọ́ ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe, òun fi tirẹ̀ ba ọ̀ràn jẹ́. Ó jókòó ti báàfù, ó sunkún títí.

Nígbà tó gbẹ, ó fi pínnì kan án mọ́ bàbá láyà, bóyá iyè rẹ̀ á sọ. Bàbá tí kò lè gbé ṣíbí já a dànù. Ṣójà Àgbà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, síbẹ̀ kò so ríbọ́ọ̀nù yẹn rí. Ọmọ rẹ̀ a ní ìrẹ̀lẹ̀ ni, a sì máa fi yangàn.

Ní ọ́fíìsì ilé ìwòsàn àwọn ṣójà, àgbàlagbà tó ń yẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wò fi ìka pa báàjì, ìpẹtà ti jẹ ojú rẹ̀ tán. Ó ní ríbọ́ọ̀nù tí kò ní àwọ̀ kò yàtọ̀ sí okùn bàtà. Ó ti ń da agolo padà fún un nígbà tí obìnrin náà kúnlẹ̀.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ po. Iṣẹ́ mi nìyẹn. Aṣọ kì í tètè ṣá níbi ìṣẹ́po.”

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àgbàlagbà náà fi abẹ tú òwú. Àwọ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́: dúdú, àwọ̀ ewé, pupa tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín. Obìnrin ti ń dúpẹ́ kó tó rí i pé ẹni tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

“Ọmọ mi,” ó wí, “ti àwọn tí a bá jà nìyí. Bí bàbá rẹ bá ṣe ṣójà lọ́dọ̀ wa, á jẹ́ pé àyà òkú ló ti já a.”

Kò lè fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n gba bàbá sílé ìwòsàn. Kì í ṣe ìkà, òfin ni.

Obìnrin náà rìn délé pẹ̀lú ìbínú. Ó fẹ́ béèrè ohun tó mú bàbá òun ja òkú lólè, tó sì jẹ́ kí òun máa fi yangàn. Ṣùgbọ́n bàbá ti rí agolo lábíyá rẹ̀, ojú rẹ̀ sì là.

“Ṣé o rí ìyá rẹ̀?”

“Ìyá ta ni, Bàámi?”

“Ọmọ tó ni ríbọ́ọ̀nù yẹn. Ọwọ́ mi ló kú sí. Ó ní kí n kó o fún ìyá òun.” Èémí há a, ó sinmi díẹ̀. “Mi ò mọ ilé wọn. Ṣùgbọ́n mi ò fọ̀ ọ́ o. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ rẹ̀ ló wà lára rẹ̀.”

Alágbàfọ̀ fi ọwọ́ méjèèjì pamọ́ sẹ́yìn.

“Ó rí i, Bàámi,” ó wí. “Ó dá ẹ̀jẹ̀ ọmọ rẹ̀ mọ̀.”