Màmá Mi Lóṣòó ní Ọ́fíìsì Owó-Orí

Inú ló kọ́kọ́ bí mi. Inú mi máa ń tètè bí, ìyàwó mi sì máa ń sọ pé ìbínú yìí ni kì í jẹ́ kí n rí ẹ̀bi ara mi. Lẹ́tà kan ló dé bá mi níbi iṣẹ́ ní Òṣogbo. Àwọn agbowó-orí ní ohun tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù mi láti ọdún mélòó kan kò pé, àwọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé èyí tó kù lóṣooṣù. Wọ́n tiẹ̀ sọ níbẹ̀ pé àṣìṣe ọ́fíìsì àwọn ni. Ẹ gbọ́ ná! Ẹni tó ṣàṣìṣe ló ń kọ lẹ́tà sí ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ pé kó wá sanwó. Ọmọ mi obìnrin sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì ni. Bí wọ́n bá gé owó yẹn, kò ní lè padà síléèwé.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo gun ọ̀kadà láti ilé mi ní Ọ̀fàtẹ̀dó, ó di ọ́fíìsì wọn. Obìnrin tó dá mi lóhùn lè jẹ́ àbúrò mi pátápátá. Ó fi ìborùn bo orí, ohùn rẹ̀ sì tutù. Èmi nìkan ni mò ń pariwo.

"Ẹ má bínú, sà," ó wí. "Nígbà tí wọ́n ń kó orúkọ yín sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n fi yín sáàárín àwọn tó ń bọ́ òbí tó ti darúgbó. Ìjọba máa ń dín owó-orí irú wọn kù. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ò fìgbà kankan bèèrè fún un."

"Ẹ̀yin lẹ ṣàṣìṣe, èmi ni n ó wá jìyà ẹ̀?"

Ó wò mí. "Ṣé màmá yín ṣì wà láyé, sà?"

Mo ní wọ́n wà, ní Iléṣà.

"Alihamudu lilahi! Tó bá jẹ́ pé lóòótọ́ lẹ ń tọ́jú wọn, kò sí àṣìṣe kankan nìyẹn. Ẹ mú wọn wá kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ ọ́, a ó sì pa gbèsè náà rẹ́."

Ibẹ̀ ni ohùn mi ti wálẹ̀. Ó rò pé inú dídùn ló pa mí lẹ́nu mọ́. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé n kì í fún màmá mi lówó. Kì í ṣe pé mo kórìíra wọn, ẹ jọ̀ọ́. Ìgbà tí mò ń kọ́lé ni mo dáwọ́ dúró, mo ní bí mo bá ti kan òrùlé tán, n ó padà bẹ̀rẹ̀. Mo kan òrùlé, mo tún ní ó di ìgbà tí mo bá ṣe fẹ́ǹsì. Màmá ò bèèrè. Wọ́n ń ta kẹrosíìnì nínú ìgò níwájú ilé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń rí owó ìkórè dá ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì wọn. Bí mo bá pè wọ́n lórí fóònù, wọ́n á ní, "Mo wà dáadáa, ọmọ mi, tọ́jú ara rẹ." Èmi náà á sì gbà á bẹ́ẹ̀, torí pé ó rọ̀ mí lọ́rùn.

Mo lọ sí Iléṣà. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń ro bí n ó ṣe là á kalẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kí n sọ ọ́ dé ìdajì.

"Ṣé nítorí iléèwé ọmọ yẹn ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n nu ọwọ́ wọn, wọ́n wọlé lọ wọ aṣọ tí wọ́n fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mò ń retí kí wọ́n bú mi. Ì bá tẹ́ mi lọ́rùn ká ní wọ́n bú mi.

Ní ọ́fíìsì, obìnrin náà kúnlẹ̀ kí wọn. "Ẹ káàbọ̀, mà. Ṣé ọmọ yín yìí ló ń tọ́jú yín?"

Màmá mi kì í purọ́, wọ́n nà mí nítorí irọ́ títí mo fi gbọ́n. Wọ́n wò mí tán, wọ́n yíjú sí obìnrin náà. "Ta ni ì bá tún máa tọ́jú mi bí kì í bá ṣe òun? Òun nìkan ni Ọlọ́run fún mi."

Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀, ohun tó sì jẹ́ kó dùn mí dé egungun nìyẹn.

Obìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní ó ku kí ọ̀gá buwọ́ lù ú, ṣùgbọ́n ọ̀gá ní àlejò, ká padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Màmá ní àwọn ò padà wá síbì kankan.

Òṣómàáló ni bàbá tó bí màmá mi. Ẹni tó bá mọ Ìjẹ̀ṣà ayé àtijọ́ á ti gbọ́ nípa wọn: wọ́n á ta aṣọ láwìn, tó bá dọjọ́ owó, wọ́n á lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi san án. Màmá ká ìró wọn sókè díẹ̀, wọ́n sì lóṣòó síwájú ilẹ̀kùn ọ̀gá. "Òṣó ni mà á ló o! Bí ò bá buwọ́ lù ú, mi ò dìde."

Ẹ wo nǹkan! Àwa tí wọ́n ní a jẹ gbèsè la tún wá lóṣòó ti olówó. Àwọn òṣìṣẹ́ ń yọrí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín, torí mo mọ orúnkún wọn. Wọ́n ti sọ fún mi rí pé dókítà kọ oògùn fún un, mo ní n ó fowó ránṣẹ́, mi ò fi ránṣẹ́. Ẹsẹ̀ wọn ń gbọ̀n lábẹ́ ìró. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ní, "Ẹ dìde, mà. Ẹ jẹ́ ká máa lọ, kí wọ́n gé owó náà."

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́," wọ́n wí.

Ọ̀gá ò lè fara dà á. Ó jáde, ó ń bẹ̀ wọ́n, ó fi bébà náà ti ògiri, ó buwọ́ lù ú lójú wọn. Èmi àti obìnrin náà la jọ gbé wọn dìde.

Omi ti lé ròrò sójú obìnrin náà. "Mà, ẹ ṣàdúrà fún wọn kẹ́ ẹ tó máa lọ. Irú ọmọ báyìí ṣọ̀wọ́n lóde òní."

Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo kúnlẹ̀. Màmá gbọ́wọ́ lé mi lórí, òórùn kẹrosíìnì ṣì wà lára rẹ̀. "Bí o ṣe tọ́jú mi," wọ́n ní, "bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ làwọn ọmọ rẹ á ṣe tọ́jú rẹ."

Àdúrà tí gbogbo ìyá ń gbà fún ọmọ ni. Gbogbo ọ́fíìsì ké àmín, ọ̀gá náà ké e. Mo la ẹnu, mi ò mọ̀ bóyá ohùn kankan jáde.

Nínú tasín tí mo fi ń sìn wọ́n padà sílé, wọ́n ń fọwọ́ ra orúnkún wọn. Gbèsè ti kúrò lọ́rùn mi, síbẹ̀ ara ń ni mí bí ẹni tó jalè.

"Màmá," mo ní, "àdúrà tẹ́ ẹ gbà fún mi lẹ́ẹ̀kan..."

"Kí ló ṣe é? Ṣé èpè ni?"

"Rárá, mà."

"Ó dáa. Ṣe àmín nígbà náà," wọ́n ní. "Mi ò gbọ́ tìrẹ níbẹ̀ yẹn."