Ọdún Tí Bisikíìtì Bàbá Kúùkù Kò Lójú

“Na who be that?”

“Na we o!”

“Kí lẹ wá gbà?”

“Súìtì!”

Gbogbo wa la jọ pariwo ẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, àwa ọmọ ilé kan náà ní Àjẹ́gúnlẹ̀, eruku ti sọ ẹsẹ̀ wa di funfun, abọ́ tánganran wà lọ́wọ́ kálukú. Ilẹ̀kùn á ṣí. Òórùn ṣúgà àti nọ́tímẹ́ẹ̀gì ló máa ń kọ́kọ́ jáde, bàbá kúùkù á wá yọjú tẹ̀lé e, wọn á ṣe bí ẹni tí ẹ̀rù wa bà. Ká má parọ́, ìwà ọmọdé wọn ju tiwa lọ.

Kúùkù ọkọ̀ òkun ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n ti dáná dé Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti rí i pé bí oṣù kẹwàá bá ń parí lọ, àwọn ilé búrẹ́dì àti ilé súìtì ńláńlá máa ń kó ohun dídùn onírúurú ojú síta: ojú iwin, ojú elégédé tó ń rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọdé á sì máa kan ilẹ̀kùn kiri láti gbà á. Hàlówíìnì ni wọ́n ń pè é. Ojoojúmọ́, búrẹ́dì kéékèèké àti bàbá dúdú, súìtì àgbọn yẹn, ni bàbá kúùkù ń ṣe tà fún àwọn tó ń já ẹrù ní wáàfù Àpápá. Ogun abẹ́lé ti parí nígbà náà, ọkọ̀ kún ojú omi, ọjà sì ń yá. Ṣùgbọ́n ní òpin oṣù kẹwàá, wọn á se elégédé, wọn á pò ó mọ́ fùláwà àti bọ́tà, wọn á fi ẹnu agolo mílíìkì gé e roboto, wọn á fi ọ̀bẹ dá ojú méjì àti ẹnu eléyín sí i lára. Inú ófùnù tí wọ́n fi àgbá ṣe sí ẹ̀yìnkùlé wa ni wọ́n ti ń yan án. Tiwa ni bisikíìtì yẹn, òun la ń kanlẹ̀kùn gbà, ọ̀fẹ́ ni.

Lọ́dún tí mo pé ọmọ ọdún méje, mo jẹ ẹ́ yó. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ara mi ń jó bí iná, ojú mi pọ́n, mi ò lè gbé orí. Ìyá tó ń ta kẹrosíìnì lójúde wá wò mí, wọ́n pàtẹ́wọ́.

“Ẹ ò rí nǹkan! Bisikíìtì olójú òkú ni wọ́n fún ọmọ jẹ. Ṣé ojú lásán nìyẹn?”

Kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, gbogbo ilé ti gbọ́. Bàbá kúùkù gbé tíì gbígbóná wá fún mi, àmọ́ ìyá mi dí ẹnu ọ̀nà.

“Ìyá ọmọ, ẹ jẹ́ kí n rí i.”

“Ẹ má wulẹ̀ wọlé, Bàbá. Ẹ ti ṣe é tán náà.”

Mo gbọ́ ọ láti orí ẹní. Ó dùn mí gan-an, mi ò sì lókun láti sọ̀rọ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, onílé ní kí bàbá kúùkù wá ibòmíràn gbé. Wọn ò bímọ, wọn ò ní ẹbí kankan l'Ékòó. Ófùnù yẹn ni gbogbo ohun tí wọ́n ní, kò sì ṣeé gbé rù kiri.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ara mi sú wínníwínní. Èèyi ni. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ tí kò fẹnu kan bisikíìtì náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í sú tiwọn, títí dórí ọmọ ìyá oníkẹrosíìnì. Onílé ò tún dárúkọ ẹrù kíkó mọ́. Àmọ́ kò sẹ́ni tó bẹ bàbá kúùkù. Àwọn ará ilé ń kí wọn láàárọ̀, wọ́n ń dáhùn, ó parí síbẹ̀.

Òpin oṣù kẹwàá tún dé. Mo rí fùláwà aláwọ̀ elégédé lórí tábìlì ní ẹ̀yìnkùlé, mo sáré lọ. Wọ́n ti gé e roboto tán. Kò sí ojú, kò sí ẹnu.

“Bàbá, ojú ẹ̀ ńkọ́?”

“Bó ṣe wà yìí náà ló dáa, ọmọ mi. Ojú yẹn ń fa wàhálà.”

Ó ṣe mí bíi kí n sunkún. Ìyá mi ń fọṣọ nítòsí, mi ò mọ̀ pé wọ́n ń gbọ́ wa. Wọ́n dìde, wọ́n ṣan ọṣẹ kúrò lọ́wọ́, wọ́n wá sídìí tábìlì. Wọ́n fi ìka gún ojú méjì sí ọ̀kan, wọ́n fi èékánná fa ẹnu sí i. Ẹnu wọ́, ojú kan ga ju èkejì lọ. Ìyá mi ò mọ nǹkan yà rárá. Wọ́n mú òmíràn. Bàbá kúùkù mú ọ̀bẹ kékeré, wọ́n nà án sí ìyá mi.

“Ẹ fi eyín sí i. Hàlówíìnì tí ò léyín, ti arúgbó nìyẹn.”

Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín, ẹkún sì gba ẹ̀rín náà mọ́ wọn lẹ́nu. Wọ́n kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù yẹn. “Ẹ foríjì mí, Bàbá.”

“Ẹ dìde, ẹ dìde. Fùláwà ń gbẹ.”

Mo ti dàgbà ju bí ìyá mi ṣe wà lọ́jọ́ náà. Àwọn méjèèjì ti lọ, àárò wọn sì ń sọ mí. Bí mo bá ṣẹ èèyàn, n kì í jókòó sílé kí ọjọ́ máa gorí ọjọ́ títí a ó fi ṣe bí ẹni gbàgbé. Màá wá ohun tí ọ̀rọ̀ mi gbà lọ́wọ́ rẹ̀, màá lọ bá a níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, màá sì bá a dá a padà, ì báà wọ́ bí ojú tí ìyá mi dá sí bisikíìtì yẹn.