Orin Ìpótì Tí Mo Pa Rẹ́

Ìbíkúnlé, ọmọ àgbẹ̀ kòkó ní Ìpótì, ló kọ́kọ́ fi gìtá kọrin ní èdè Èkìtì ládùúgbò wa. Àwa mẹ́rin la wà nínú ẹgbẹ́. Èmi Matthew ni máníjà. Èmi ni mò ń wá ọkọ̀, èmi ni mò ń ra epo jẹnẹrétọ̀, n kì í sì í fi nǹkan ṣòfò. Láti Ìjerò dé Ẹ̀fọ̀n, bí Ìbíkúnlé bá ti pe ilé ní “ulé” bíi tàwọn bàbá wa, àwọn èèyàn á ti dìde jó.

Lọ́dún 1993 a gba orin mẹ́fà sínú kásẹ́ẹ̀tì kan ní yàrá ìyá rẹ̀, Màmá Martha. Màmá fúnra wọn ló dá ẹ̀kẹta, orin tí àwọn obìnrin fi ń ru kòkó bọ̀ láti oko. Mo gbé e lọ sí Ìbàdàn. Ọkùnrin tó ń ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù ní ta ló fẹ́ ra èdè abúlé. Mo padà wálé, mo ní ká yí gbogbo rẹ̀ sí Yorùbá tí wọ́n ń sọ lórí rédíò. Ìbíkúnlé wò mí títí, ó ní kò burú, èmi ni máníjà. A yí i, kò tà, ẹgbẹ́ tú ká. Ó lọ ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Àrámọ̀kọ títí ó fi fẹ̀yìn tì.

Ohun tí n kò sọ fún un ni pé orí kásẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ yẹn ni mo gba tuntun lé, kí n má baà ra òmíràn.

Lọ́dún tó kọjá Màmá kú. Ìbíkúnlé gun ọ̀kadà wá bá mi.

“Bá mi wá kásẹ́ẹ̀tì yẹn. Ohùn Màmá wà nínú ẹ̀. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ wọn gbọ́ ọ níbi ìsìnkú.”

Irọ́ ti tò sí mi lẹ́nu: eku, òjò, ilé tó ń jò. Ojú rẹ̀ ni mo wò, mo bá jẹ́wọ́.

“Nítorí kásẹ́ẹ̀tì kan, máníjà?”

“Ẹyọ kan.”

“Ó dáa. A ó fi ẹnu kọ orin Màmá. Ìwọ lo máa gbè é.”

Lọ́jọ́ ìsìnkú, ó dá a ní ohùn Ìpótì, ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí ìyá rẹ̀ ṣe ń dá a gan-an. Ó kan ègbè. Mo la ẹnu, Yorùbá rédíò ló jáde. Mo tún gbìyànjú, òun náà ni. Èyí tí mo fipá mú wọn kọ nìkan ló kù nínú orí mi.

Ìbíkúnlé kò wẹ̀yìn. Àwọn ọmọ-ọmọ Màmá, tí wọn ò gbọ́ orin náà rí, ń wò mí lẹ́nu, wọ́n sì gbè é gẹ́gẹ́ bí mo ṣe gbè é.