Fìlà Funfun Níbi Tí Òjìji Bàbá Mi Pin Sí

Ọjọ́ tí mo gbé kámẹ́rà wọlé ni bàbá mi ti fi òfin lé e lórí. Akọ̀wé kan tó ń fi Sókótó sílẹ̀ lọ sílé ló tà á fún mi, àpótí dúdú kan báyìí tó ní gíláàsì kékeré lókè, tí èèyàn máa ń tẹ orí ba kó tó rí ohun tó fẹ́ yà. Bàbá mi gbà á lọ́wọ́ mi, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó sì dá a padà fún mi.

"Ohun tó bá ní ẹ̀mí, o ò gbọdọ̀ fi yà á nínú ilé yìí," ló wí. "Iṣẹ́ Ẹlẹ́dàá nìyẹn, kì í ṣe iṣẹ́ tìẹ."

Mo ti lé lógún ọdún nígbà náà. Mo ti gbéyàwó, mo sì ní máṣíìnì tèmi tí mo fi ń ránṣọ ní iwájú ilé wa ní Rúnjìn Sámbò, àdúgbò kan ní Sókótó. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìlọrin kì í bá bàbá rẹ̀ jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Inú ń bí mi o. Mo gbé àpótí náà sórí pẹpẹ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, mo ń wò ó bí ẹni tó ra ẹran tí wọ́n ní kó má jẹ. Nígbà tó yá, mo lọ bá bàbá mi níbi tó ti ń ṣa obì tó fẹ́ gbé lọ sọ́jà.

"Bàbá, òjìji ńkọ́? Ṣé òun náà ní ẹ̀mí?"

Ó rò ó títí. "Òjìji ò ní ẹ̀mí," ló wí níkẹyìn. "Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fowó ra fọ́tò òjìji, òun náà ò ní làákàyè."

Bí mo ṣe di ẹni tó ń dọdẹ òjìji nìyẹn. Ká sọ òótọ́, ìlú tó dára fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Sókótó, nítorí oòrùn ibẹ̀ kì í bá èèyàn ṣeré. Láàárọ̀, àwọn ìwo amọ̀ tí wọ́n mọ sórí òrùlé àwọn Hausa á na ara wọn sórí iyanrìn àdúgbò. Ràkúnmí á máa kọjá lọ sọ́jà, ẹsẹ̀ òjìji rẹ̀ á gùn ju ẹsẹ̀ òun fúnra rẹ̀ lọ. Alágbàárù omi tó fi ọ̀pá gbé agolo méjì sí èjìká, mo tẹ̀ lé e dé ìdí igi dóńgóyárò mẹ́ta kí n tó rí òjìji rẹ̀ yà bí mo ṣe fẹ́, ó sì yíjú padà bi mí ní Hausa pé kí ló sọnù fún mi.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, èmi àti ìyàwó mi máa ń rìn lọ sí ẹ̀bá odò, níbi tí wọ́n ti ń gbin àlùbọ́sà. Á gbé oúnjẹ dání, á jókòó, á sì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Ọkọ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń ya ìyàwó wọn," ló máa ń wí, "ọkọ tèmi ń ya ilẹ̀." Lọ́jọ́ kan, mo ní kó na ọwọ́ sókè síwájú ògiri ahéré kan, mo sì ya òjìji ọwọ́ náà. Fọ́tò yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ hàn nínú rẹ̀ kedere, mo sì máa ń mú un wò nígbà tí àárò rẹ̀ bá ń sọ mí.

Fíìmù kan kò ju fọ́tò mẹ́jọ lọ, nítorí náà èèyàn ò lè máa tẹ kámẹ́rà bí ẹni tẹ agogo. Ọkùnrin Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń fọ fọ́tò nítòsí ọjà ló ń bá mi fọ̀ ọ́. Ìgbàkígbà tí mo bá dé ló máa ń bi mí pé ṣé kámẹ́rà mi ti bàjẹ́ ni.

Òjìji tí mo fẹ́ràn jù ni ti bàbá mi. Yàtọ̀ sí obì tó ń tà, òun ni ládàánì mọ́ṣáláṣí kékeré tí àwa ará Ìlọrin àti Ògbómọ̀ṣọ́ fi amọ̀ kọ́ síwájú ilé. Òun ló ń pe ìrun. Kì í wo aago kó tó mọ̀ pé Làásàrì ti tó, ẹsẹ̀ ló fi ń wọn òjìji ara rẹ̀. Á dúró lórí iyanrìn títẹ́jú, á kẹ́yìn sí oòrùn, á fojú sàmì sí òkúta tàbí ewé tó wà níbi tí òjìji orí rẹ̀ dé. Lẹ́yìn náà, á wá máa rìn lọ síbẹ̀, á máa fi gìgísẹ̀ ẹsẹ̀ kan kan ọmọ ìka èkejì, á máa kà á. Nígbà tí ọyẹ́ bá ń lọ, òjìji ọ̀sán gangan kì í ju ẹsẹ̀ mẹ́ta lọ. Á fi méje, tí í ṣe ìwọ̀n gíga ara rẹ̀, lé e. Tó bá ti pé mẹ́wàá, Làásàrì ti wọlé. Bí kò bá tíì pé, á padà sábẹ́ igi, á jókòó, á tún dìde wọ̀n ọ́n.

Mo tọrọ àyè láti máa ya òjìji náà. Mo ti múra ìjà sílẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kan náà ló gbà. Mo fọ́nnu fún ìyàwó mi pé mo ti fi ọgbọ́n borí bàbá mi.

Wàhálà kan ló wà níbẹ̀. Gíláàsì kámẹ́rà náà ṣókùnkùn, iyanrìn sì ń dán, n kì í rí ibi tí òjìji pin sí. Mo bá ń ṣí fìlà funfun orí mi, mo ń fi í síbi tí orí òjìji dé, kí n lè mọ ààlà fọ́tò. Màá tẹ̀ ẹ́, bàbá mi á sì kà á dé ìdí fìlà. "Fi í síbẹ̀, má tíì mú un," ló máa ń wí. Nígbà tó yá, òun gan-an ló ń wá pè mí nídìí máṣíìnì lọ́sàn-án pé ó tó àkókò fọ́tò mi. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni mo kàn máa ń fi fìlà lélẹ̀ tí mo máa wò, láìtẹ kámẹ́rà, nítorí fíìmù. Inú mi dùn dé ibi pé n kò bi í léèrè ohun tó yí i lọ́kàn padà.

Lọ́jọ́ kan, mo rò pé fìlà yẹn ń ba fọ́tò jẹ́. Ìkòkò omi àlùwàlá wà nílẹ̀ níbẹ̀, orí òjìji bàbá mi sì kàn án gẹ́lẹ́, mo bá fi ìkòkò ṣe ààlà. Mo ya ọ̀kan bó ṣe dúró, mo ya èkejì nígbà tó ka ẹsẹ̀ tán. Fíìmù parí. Bàbá mi pe ìrun. Oníṣòwò kan wà láàárín wa tó ra aago ọwọ́ lọ́dún yẹn, tó sì máa ń wò ó kódà bí ẹnikẹ́ni ò bi í ní nǹkan. Ó wo aago, ó wo ojú ọ̀run, ó sì tún wo aago.

Ọdún ń bọ̀, aṣọ kún ọwọ́ mi, n kò sì ní fíìmù mìíràn. Odindi ọjọ́ mẹ́fà ni n kò jáde síbi iyanrìn. Lọ́jọ́ mẹ́fà yẹn, ìrun Làásàrì dàrú. Lónìí á yá jù, lọ́la á pẹ́ jù. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, oníaago wá sílé wa, ó jókòó sílẹ̀ níwájú bàbá mi.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ láti ọjọ́ yìí," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí aago máa bá wa ṣe é. Kí ẹ̀yin náà sinmi."

Bàbá mi dá a lóhùn jẹ́jẹ́ pé òun ti gbọ́. Nígbà tí oníaago lọ tán, bàbá mi sọ fún mi pé ẹni tí kò níṣẹ́ nílẹ̀ àjèjì, ilé ló kù fún un. Bí ọdún bá ti kọjá, òun á wọ mọ́tò padà sí Ìlọrin.

Ara mi gbóná. Èmi àti bàbá mi kò tíì gbé lọ́tọ̀ rí, ẹlẹ́nu gbígbóná kan yóò wá torí aago lé e lọ. Mo bú ọkùnrin náà nínú mi títí ẹnu fi rẹ̀ mí. Mo wá rántí fọ́tò. Mo ní màá gbé e síwájú gbogbo ìjọ, kí wọ́n fojú ara wọn rí bí bàbá mi ṣe ń ka ẹsẹ̀ láìṣì í kà.

Mo sáré lọ gbà á lọ́dọ̀ ẹni tó ń fọ̀ ọ́, mo sì dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wò ó. Nínú ti àkọ́kọ́, orí òjìji kan ìkòkò. Nínú èkejì, bàbá mi ti ka ẹsẹ̀ tán, ibi tí òjìji rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ló jẹ́ kí n mọ ibi tó dúró sí. Ìkòkò wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fi ẹsẹ̀ bíi mẹ́ta kọjá. Èmi tí mo wà níbẹ̀ kò rí i, nítorí ojú mi wà nínú gíláàsì. Òjìji bàbá mi ni mo ti ń wò láti ọjọ́ yìí, n kò wo bàbá mi.

Mo bá a nílé níbi tó ti ń ṣa obì. Ìka ló fi ń wá èyí tó ti ní kòkòrò. Mo fi fọ́tò kan lé e lọ́wọ́.

"Ó dára," ló wí.

Ẹ̀yìn fọ́tò ló ń wò, ó ti dojú rẹ̀ dé.

Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Bàbá, ẹ ò rí ìkòkò yẹn lọ́jọ́sí."

Ó tún fi ìka tẹ obì kan wò. "Fìlà rẹ ni mo máa ń rí," ló wí. "Òun ló funfun."

Inú mi kọ́kọ́ bàjẹ́ pé kì í ṣe ọgbọ́n mi ló borí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gba fọ́tò náà padà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní kí lòun ì bá sọ, kí n lè tètè ká ẹní òun lọ sílé? Mo ní kò burú, màá máa fi fìlà síbẹ̀ lójoojúmọ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ó mi orí.

"Ìrun ogún èèyàn," ló wí, "kò ṣeé fi pamọ́ sábẹ́ fìlà."

Lọ́jọ́ kejì, ó dìde láàárín ìjọ, ó sọ fún wọn pé ojú òun ti ń ṣú láti ìgbà òjò. Ó ní Làásàrì bíi ọjọ́ méje ni a kò kí lásìkò, kí wọ́n forí jin òun, kí a jọ san án padà.  Oníaago ni mò ń wò, mo ti di ẹ̀ṣẹ́ sínú agbádá. Ọkùnrin náà tú aago ọwọ́ rẹ̀, ó jù ú sínú àpò.

"Bàbá, aago mi náà kú lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yìí," ló wí. "Mi ò sọ fún ẹnì kankan. Ojú yín lẹ ní ó ń ṣú, ẹ ò ní ohùn yín ń ṣú. Ẹ máa pè é."

A san ìrun náà padà. Ṣùgbọ́n bàbá mi kò sọ pé òun kò lọ sí Ìlọrin mọ́, ẹ̀rù kò sì jẹ́ kí n bi í. N kò sùn dáadáa.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó wá dúró nídìí máṣíìnì mi. Mo na ọwọ́ sí kámẹ́rà.

"Fi àpótí yẹn sílẹ̀," ló wí. "Dé fìlà rẹ sórí. Ìwọ fúnra rẹ ni kó o dúró níbẹ̀."

A jọ rìn jáde. "Bàbá, n kò fẹ́ kí ẹ lọ," ni mo wí.  Ó kẹ́yìn sí oòrùn, mo lọ dúró síbi tí òjìji orí rẹ̀ dé. Ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, ó ń kà á sókè, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì. Ní ẹ̀kẹsàn-án, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kan tèmi.

Ẹsẹ̀ kan ṣì kù. Tẹ́lẹ̀, á ti padà sábẹ́ igi lọ jókòó dè é. Lọ́jọ́ yẹn, kò padà. Ó wá apá mi, ó dì í mú.

"Ìlọrin jìnnà," ló wí. "Ta ló máa dúró báyìí fún mi níbẹ̀?"

A jọ dúró sójú kan náà, a ń dúró de oòrùn.