Bí Ẹ Ṣe Wí Ni, Sà

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ àná, Ọjọ́bọ̀, ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, ní kíláàsì tó kọjú sí òkè ní Odode. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè dé láti Ìbàdàn. Hẹ́dímásítà tó kọ́ mi ní a-bí-dí, tí wọ́n lọ bẹ bàbá mi pé kí bàbá má yọ mí nílé-ìwé, ní kí n wá jókòó ti àwọn. Wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ tó ń lọ ṣe ìdánwò sẹ́kọ́ńdìrì ní Àkúrẹ́ lọ́jọ́ Sátidé. Àbúrò mi obìnrin wà lára wọn. Bàbá ti sọ ọ́: bí kò bá yege, oko kòkó ní Ofosu ló kàn.

Hẹ́dímásítà kọ ọ́ sí pátákó pé òmìnira Nàìjíríà ti di "eminent". Wọ́n ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé.

"Imminent" ni ohun tó kù díẹ̀ kó dé. "Eminent" ni ẹni ńlá, ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn. Mo ti ṣàlàyé méjèèjì fún àbúrò mi nílé. Ó nawọ́ sókè.

"Sà, bọ̀ọ̀dá mi ní ẹni ńlá ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Hẹ́dímásítà yíjú sí mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Ọmọ Yunifásítì, ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Àbí kí n wá jókòó, kí o máa kọ́ mi?"

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Mo dìde, mo tẹrí ba. Nílé wa, a kì í já àgbà ní koro lójú ọmọdé. Èèyàn á kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ àgbà lé orí, kó tó tọrọ àyè fún tirẹ̀. Mo ní, "Bí ẹ ṣe wí ni, sà." Ibẹ̀ ni mo fẹ́ gbà wọlé sọ àtúnṣe náà. Kí n tó mí, Hẹ́dímásítà ti gbá mi léjìká: "Ẹ gbọ́ bí? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

Gbogbo ọmọ kọ ọ́. Àbúrò mi náà kọ ọ́. Kò wo ojú mi.

Kì í ṣe ẹ̀rù nìkan ló pa mí lẹ́nu mọ́. Ìfẹ́ wà níbẹ̀, ìtìjú wà níbẹ̀, oore tí mo jẹ sì wà níbẹ̀.

Nílé, mo tún un ṣàlàyé fún àbúrò mi. Iṣu ló ń bẹ, kò gbójú sókè. "Ẹ̀yin náà lẹ ní bí wọ́n ṣe wí ni, níwájú gbogbo wa. Èwo ni kí n wá kọ lọ́jọ́ Sátidé?"

Àwọn ọmọ yòókù ń kọ́? Lọ́rì yóò gbé wọn lọ sí Àkúrẹ́ láfẹ̀mọ́júmọ́ ọ̀la. Láàárọ̀ yìí, mo rìn dé ẹnu ọ̀nà Hẹ́dímásítà, mo gbọ́ ohùn àlejò nínú ilé, mo padà. Bí mo bá pe àwọn ọmọ jọ lẹ́yìn Hẹ́dímásítà, mo ti bu ẹni tó là mí lójú kù. Bí mo bá dákẹ́, ojú àbúrò mi kò ní kúrò lọ́kàn mi.

Ẹ̀yin òǹkàwé tí tíṣà tọ́ bí ọmọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: báwo ni ẹ óò ṣe sọ ọ́ fún Hẹ́dímásítà kí ilẹ̀ òní tó ṣú?