Ìbọn Pakisítánì àti Léèsì Kútọnù

Nígbà tí èmi tí ẹ ń wò yìí ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé kiri Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, kò sí ọmọ tó gbọ́n tó mi ládùúgbò wa. Mi ò parọ́ fún yín. Ìwé nìkan ni kò wọ̀ mí lórí, mi ò sì bá a fà á lọ títí. Àmọ́ tí ẹ bá ní kí n sọ bí ọjà ṣe ń rìn láti Kútọnù dé Mushin, màá là á yé yín, torí iṣẹ́ bàbá mi ni.

Awakọ̀ ni bàbá mi. Àgbọn ni gbogbo èèyàn mọ̀ pé ó ń kó bọ̀ láti ọ̀nà Àgbádárìgì. Àgbọn náà ló ń kó lóòótọ́, ṣùgbọ́n léèsì ló ń wà lábẹ́ àgbọn, nítorí ìjọba ti fòfin de léèsì òkèèrè nígbà yẹn. Fàyàwọ́ ni. Ìyá mi mọ̀, èmi náà mọ̀, ó parí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, bàbá mi àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á pé síwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Ìwé ìròyìn òyìnbó á wà nílẹ̀, kò sí ẹni tó lè kà á nínú wọn. Wọ́n á ránṣẹ́ pe ọmọ tíṣà, ẹgbẹ́ mi, tí ilé wọn kọjú sí tiwa. Á máa ka gẹ̀ẹ́sì, á máa sọ ọ́ di Yorùbá fún wọn, wọ́n á sì ra mínírà tútù fún un. Bàbá mi á sún fún un lórí bẹ́ǹṣì, á ní, “Ọ̀jọ̀gbọ́n, jókòó.” Èmi tó bí á dúró sẹ́yìn wọn bí igi tí wọ́n ti síbẹ̀. Ẹ ò lè mọ bó ṣe ń ta mí lára. Kí bàbá mi sún fún èmi náà bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo wọn, ohun tí mo ń wá láyé nìyẹn.

Ọdún 1979 ti ń lọ sópin, ọyẹ́ ti mú, nígbà tí ọmọ tíṣà kà á fún wọn pé àwọn Rọ́ṣíà ti kó sójà wọ Afuganísítánì. Ó ní àwọn ará orí òkè kan tí wọ́n ń pè ní Pàṣítúnì ò gbà, wọ́n ń jà, àti pé Pakisítánì tó múlé tì wọ́n ni ìbọn wọn ń gbà wọlé. Onígbàjámọ̀ dá abẹ dúró.

“Ta ló fún Pakisítánì lówó ìbọn? Ṣebí àwọn náà ń wá ohun tí wọ́n máa jẹ ni.”

Ọmọ tíṣà yí ìwé síwá, ó yí i sẹ́yìn. “Bàbá, wọn ò kọ ìyẹn síbí.”

Inú mi dùn dé ẹsẹ̀. Mo bọ́ síwájú. “Ẹ̀yin bàbá, ṣé Kútọnù ni wọ́n ti ń hun léèsì ni? Òkèèrè ló ti ń wá. Kútọnù kàn ṣílẹ̀kùn ni, wọ́n mú tiwọn níbẹ̀, ọjà kọjá. Bẹ́ẹ̀ náà ni Pakisítánì. Ẹlòmíì ló ni ìbọn, aládùúgbò ló ni ọ̀nà.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan ní kí wọ́n fi mí ṣe mínísítà. Bàbá mi wò mí, ojú rẹ̀ ń dán, ó tiẹ̀ ti ń gbé ìdí kúrò níbi tó jókòó sí kí àyè lè gbà mí. Ó yẹ kí n panu mọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ ti dùn lẹ́nu mi.

“Wọ́n á sì ti kó nǹkan mìíràn bo ìbọn náà lójú ọ̀nà,” ni mo bá fi kún un, “bí àgbọn bàbá mi ṣe máa ń bo léèsì.”

Ọkùnrin tí wọ́n ń fá irùngbọ̀n rẹ̀ lọ́wọ́ yí orí padà díẹ̀díẹ̀, ọṣẹ ṣì wà ní àgbọ̀n rẹ̀. Ayálégbé tuntun ni, iṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù ló ń ṣe, àwọn tó ń mú onífàyàwọ́.

“Àgbọn ta ni ó ń bo léèsì?”

Ọmọ tíṣà ló ká ìwé ìròyìn, tó rẹ́rìn-ín. “Ẹ má dá a lóhùn, ọ̀gá. Eré tá a fẹ́ ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ń sọ. Òun ni wọ́n ní kó ṣe onífàyàwọ́, látìgbà náà ni kò ti jẹ́ ká sinmi.”

Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, ó ní ojú mi jọ ti onífàyàwọ́ lóòótọ́, ó sì gbé àgbọ̀n padà fún abẹ. Bàbá mi ò wò mí mọ́. Ó fa ọmọ tíṣà mọ́ra, ó ní, “Ọmọ mi, sún mọ́ mi dáadáa.”

Ọmọ mi. Ẹni tí kò bí.

Látọjọ́ náà, tí bàbá mi bá ti Kútọnù dé, ẹ̀wù tó dáa jù nínú ẹrù, ti ọmọ tíṣà ni. Nígbà tí ọmọ náà lọ sókè òkun, bàbá mi sunkún. Títí tó fi darúgbó ló ń bi mí pé ṣé mo gbúròó rẹ̀. Màá ní rárá. Inú á sì máa bí mi títí dòní, torí irọ́ ni ọmọ tíṣà pa, òótọ́ ni mo sọ. Nígbà tó yá, gbogbo ayé ló ń sọ ọ̀rọ̀ Pakisítánì bí mo ṣe sọ ọ́ níjọ́ yẹn.

Ayé ti yí báyìí. Lórí fóònù àtẹ́lẹwọ́ lẹ̀yin ọmọ ìwòyí ti ń rí ogun, ẹ̀rọ á sì sọ fún yín ní Yorùbá ẹni tó ń ta ìbọn àti ẹni tó ń rà á. Mo máa ń jowú yín. Kò sí ọmọ aládùúgbò tó máa wá gba bàbá yín mọ́ yín lọ́wọ́ nítorí pé ó mọ̀wé kà. Ṣùgbọ́n ẹ tún wò ó, kò sí bàbá kankan tó jókòó síta mọ́, tó ń retí ohun tí ọmọdé máa sọ.