Àpótí Tó Wà Lápá Òsì

Àwọ̀ ewé, àwọ̀ aró, àwọ̀ wúrà: mo tò wọ́n sójú kọ̀ǹpútà nínú yàrá mi ní Tanke, mo fà sẹ́yìn, mo ń wò wọ́n bí ìyàwó tuntun ṣe ń wo ara rẹ̀ nínú jígí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́ olùkọ́ Lárúbáwá ni, àwọn tí kò mọ álífù rárá ni mo ń kọ́, orí íńtánẹ́ẹ̀tì la sì ti ń kọ́ wọn. Kíláàsì tí mo bá níbẹ̀ rí wúruwùru, iṣẹ́ gorí iṣẹ́, kò sẹ́ni tó mọ orí, kò sẹ́ni tó mọ ìdí. Mo ní èmi ni n ó tún un ṣe. Mo ya àpótí aláràbarà fún ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, mo fi òdòdó yí wọn ká, mo tò wọ́n sórí ìlà kan. Olùkọ́ àgbà kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ wò ó, ó ní, "Áfáà, ó mà dáa o! Àmọ́ ẹ kọ nọ́ńbà sí i." Mo rẹ́rìn-ín. Nọ́ńbà kẹ̀? Kó lè ba ẹwà rẹ̀ jẹ́? Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, ṣùgbọ́n tèmi nìkan ló yé mi nígbà náà.

Ohun tí mi ò rò ni pé inú ilé kéú ni wọ́n bí mi sí. Kí n tó mọ a-b-d ni mo ti ń ka wàláà láti ọ̀tún wá sí òsì, bẹ́ẹ̀ náà ni ọwọ́ mi sì ṣe to àwọn àpótí yẹn láìbi mí léèrè. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ wà lọ́tùn-ún pátápátá. Èyí tó wà lópin apá òsì, tó ń dán gbinrin, ìdánwò ìparí ni. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń ṣí.

Lọ́jọ́ tí a ṣí kíláàsì náà, ọ̀gá ẹ̀ka wa àtàwọn olùkọ́ wà lórí ẹ̀rọ pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ń yìn mí, orí mi ń wú. Ni ọmọbìnrin kan bá sọ̀rọ̀. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ní abúlé kan lẹ́yìn Malete. Ó ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé bàbá ní bí òun bá fìdí rẹmi lọ́tẹ̀ yìí, kóun gbàgbé ìwé. Ó ní, "Áfáà, ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ mi ò mọ ìkankan níbẹ̀. Wọ́n ti fún mi ní òdo. Ṣé ó ti parí nìyẹn?"

Ọ̀gá bi mí pé, "Níbo gan-an ni ìbẹ̀rẹ̀ wà?"

"Ọwọ́ ọ̀tún ni, sà."

Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Yéè! Bí ilẹ̀ bá lanu ni, ǹ bá kó sí i. Ojú tì mí débi pé mo gbàgbé láti dá ọmọ ọlọ́mọ lóhùn. Kí n tó gbójú sókè, ó ti kúrò lórí ẹ̀rọ.

Mo kọ nọ́ńbà gàdàgbà-gàdàgbà sórí gbogbo àpótí, mo pa òdo náà rẹ́, mo pè é lórí fóònù. Oko ló ti gbé e. Ó ní òun ti sọ fún bàbá òun pé òun ti fìdí rẹmi. "Ẹ má bínú, Áfáà. Orí mi ni kò gba ìwé." Ó ń bẹ̀ mí! Mo ní èmi ni mo ṣàṣìṣe, mo bẹ bàbá rẹ̀ títí. Ọmọ náà padà wá, ó kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ tán, ó sì yege.

Àwọn tó fi mí rẹ́rìn-ín ti gbàgbé. Láìpẹ́ yìí ni mo pàdé ọmọbìnrin náà ní àdúgbò Challenge, òun náà ti di olùkọ́. Ó kúnlẹ̀ láàárín èrò. "Áfáà, àánú tí ẹ ṣe fún mi lọ́jọ́sí, Ọlọ́run á san án fún yín."

Mo ní, "Àánú wo? Àṣìṣe mi ni mo tún ṣe."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwà yín náà nìyẹn. Mo máa ń sọ fáwọn ọmọ kíláàsì mi pé olùkọ́ kan dárí jì mí."

Mo ṣe àmín, mi ò lè wò ó lójú, mo sì wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Tanke.